Obìnrin tí wọ́n lé níṣẹ́ nítorí oyún: Ibi tí òfin dé, àti ibi tí kò dé

Nínú oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Èkìtì lé ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ wọn tó wà ní Ìyè-Èkìtì. Wọn kò sọ pé ó jalè, wọn kò sì sọ pé ó gba rìbá. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ kò ju pé ó lóyún nígbà tí kò tí ì lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn káàkiri Nàìjíríà. Ó sì yẹ kí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wọn mọ ibi tó já sí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọlọ́pàá lè ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ báńkì.

Òfin tí wọ́n gbára lé

Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1968 ni wọ́n fi lé e. Abala 127 nínú rẹ̀ sọ pé bí ọlọ́pàá obìnrin tí kò tí ì ṣègbéyàwó bá lóyún, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, kí wọ́n má sì gbà á padà àyàfi bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá bá fọwọ́ sí i. Kò sí irú rẹ̀ fún ọkùnrin. Ọlọ́pàá ọkùnrin tí kò níyàwó nílé lè fún obìnrin lóyún, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn méjì ni wọ́n jọ ni ọmọ, ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abala 124 nínú ìlànà kan náà ní kí ọlọ́pàá obìnrin tó bá fẹ́ lọ́kọ kọ̀wé gba àyè, kí ó sì dárúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí wọ́n lè wádìí ẹni náà. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Èkó wọ́gi lé e, wọ́n ní ó ta ko òfin ilẹ̀ wa.

Bí àwọn adájọ́ ṣe wò ó

Ní ti abala 127, ohùn àwọn adájọ́ kò ṣọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà, NBA, gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Àbújá pé kí wọ́n fagi lé e, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, Adájọ́ Inyang Ekwo da ẹjọ́ náà nù.

Ọlọ́pàá tí wọ́n lé náà gba ọ̀nà mìíràn. Ó lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, nílùú Àkúrẹ́. Nínú oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, Adájọ́ Dashen Damulak dájọ́ pé abala 127 ń ṣe ojúsàájú sí obìnrin, pé ó ta ko abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún un.

Ṣùgbọ́n adájọ́ kò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí ni pé ó ṣì wà ní àkókò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò tí ì fi ìdí ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí wọ́n lé e. Ó jàre lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì padà. Ibi tó yẹ kí gbogbo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ fojú sí nìyí.

Iṣẹ́ aládàáni ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ yìí kan náà dá obìnrin kan láre nílùú Àbújá, ẹni tí àjọ aládàáni tó ń bá ṣiṣẹ́ yọ nígbà tó lóyún. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn kọkànléláàádọ́fà, ìyẹn 111, ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, láti ọdún 2002, èyí tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Abala 54 nínú òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Obìnrin tí dókítà bá kọ̀wé fún pé yóò bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bá bímọ. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Bó bá padà, wọn yóò fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó wà nínú ìsinmi ìbímọ. Iléeṣẹ́, òwò àti oko ni òfin náà dárúkọ, kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù kíkún ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ tiwọn di oṣù 6 ní ọdún 2014 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí obìnrin béèrè iye oṣù tí àkókò ìdánwò rẹ̀ jẹ́, kí ó sì gba ìwé ìfìdímúlẹ̀ bó bá ti parí. Kí ó fi ìwé tọrọ ìsinmi, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí ọ̀gá bá fẹnu lé e, kí ó ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ohun tí kò sí lákọsílẹ̀ ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó tètè wá agbẹjọ́rò. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò, Legal Aid Council, wà fún ẹni tí kò lówó.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni Yorùbá fi ń bẹ ara wọn bí ọ̀rọ̀ bá le tán. Bí ìkúnlẹ̀ náà bá níyì tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò gba oúnjẹ lẹ́nu abiyamọ.