Orúkọ Wo Ni Kí A Pe Ogun Ojú-ẹsẹ̀?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe kí a tó fún un ní orúkọ Yorùbá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Westwood ní ìlú Las Vegas gbé Dune II jáde ní 1992, irú géèmù kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ tí kò jọ ayò ọlọ́pọ́n wa rárá, nítorí pé nídìí ayò, bí mo bá ta tèmi tán, dandan ni kí n káwọ́ gbera kí ẹnì kejì mi ta tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú géèmù yìí ẹnì kan kì í dúró de ẹnì kan: bí o ti ń kọ́lé ni ọ̀tá ń kó ogun jọ, bí o bá sì gbójú kúrò díẹ̀, iná ti ràn mọ́ ibùdó rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní ogun ojú-ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè é ní eré ọgbọ́n àkókò gidi, n kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi èwo ni àkókò tí kì í ṣe gidi.

Ẹ jẹ́ kí a wo Age of Empires II ti 1999. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn ìlú kan, ará ìlú mẹ́ta àti alamí kan lórí ẹṣin ni ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni, gbogbo ilẹ̀ yòókù sì dúdú bí kóró iṣin. Bí alamí náà, ojú tí alákàn fi ń ṣọ́rí, ti ń gẹṣin lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń là níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá, ilẹ̀ náà a tún ṣú díẹ̀, a ó máa rí igi àti òkè, a kò ní rí ọmọ ogun tí ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì. Èmi pe ti ìṣáájú ní òkùnkùn, mo sì pe èkejì ní kùrukùru ogun. Èdè tí ó ní balógun àti alóre orí odi, tí wọ́n fi pàṣẹ ní ibùdó ogun Kírìjì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò tọrọ ọ̀rọ̀ ogun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ó ta kókó ni títa géèmù tí kò tíì parí. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ géèmù Blizzard rí dá ilé-iṣẹ́ Frost Giant sílẹ̀ ní 2020, àwọn olólùfẹ́ eré sì dáwó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún Stormgate, géèmù ogun ojú-ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn láì tíì parí ní oṣù kẹjọ 2024, ẹnu kò kò lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní ìtàn rẹ̀ kò dùn, ìrísí rẹ̀ kò sì wu ojú. Kí ni kí a pe irú ìtajà bẹ́ẹ̀? Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ kọ́, nítorí orúkọ náà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ìtọ́wò orí-iná ni: ọbẹ̀ ṣì ń hó, alásè bu díẹ̀ fún ọ kí o lè sọ bóyá iyọ̀ kù, ìwọ sì ni o sanwó rẹ̀.

Nísinsin yìí, géèmù ogun ojú-ẹsẹ̀ Dawn of War IV, tí ilé-iṣẹ́ King Art ti ilẹ̀ Jámánì kéde ní 2025, ni ojú wà lọ́nà fún. Wọ́n ní kíkọ́ ibùdó yóò padà sí bí ó ti wà nínú Dawn of War àkọ́kọ́ ti 2004 tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, ti 2017, já wọn kulẹ̀, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Fún ipò yìí, a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Iyèméjì ni: iyè kan ń retí, iyè kejì ń fòyà, ọkàn kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń gbá géèmù wọ̀nyí, ẹ̀yin ni mo bẹ̀: nígbà tí wọ́n bá tún ní kí ẹ sanwó sílẹ̀, ẹ fi Yorùbá bi ara yín bóyá ọbẹ̀ ti jinná ni, tàbí ìtọ́wò orí-iná ni.