Bàtà Àti Ìbọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Ń Wọ̀ Sí Kilt: Ìtàn Ẹsẹ̀ Àwọn Ará Skọ́tlándì

Tí a bá rí ọkùnrin Skọ́tlándì nínú fíìmù, aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tó ró mọ́dìí là ń wò, ẹ̀rín la sì máa ń rín. Kilt ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn aṣọ yẹn dáadáa, ẹsẹ̀ ni kó wò. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ tó ń bá a lọ ní ọ̀rọ̀ nínú ju aṣọ gan-an lọ.

Ká kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Kì í ṣe gbogbo ará Skọ́tlándì ni kilt jẹ́ aṣọ ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mungo Park tó kú sínú odò Ọya ní Bùsà lọ́dún 1806, ará Skọ́tlándì ni. Clapperton tó gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá lọ́dún 1826, tó sì kú sí Sókótó lọ́dún 1827, ará ibẹ̀ ni òun náà. Ìhà gúúsù ni àwọn méjèèjì ti wá, níbi tí wọ́n ti ń wọ ṣòkòtò bíi Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará apá òkè, àwọn olókè ńlá tí wọ́n ń sọ èdè Gaelic, ni wọ́n ni kilt.

Èyí tí wọ́n ń ró ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún kò jọ ti òde òní. Aṣọ gígùn kan ṣoṣo ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún. Ọkùnrin á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á ká a ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, á dùbúlẹ̀ lé e lórí, á fi bẹ́líìtì dì í mọ́ ìdí, á wá ju èyí tó kù sí èjìká. Tílẹ̀ bá ṣú, ó ti di kúbùsù nìyẹn. Kékeré tí à ń rí báyìí, nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ló dé. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń yọ́ irin, Thomas Rawlinson, ló gé e kúrú kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rọ́wọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé àwọn olókè ti ń ró o kó tó débẹ̀. Ìjà yẹn kò tíì parí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ wá gbọ́ ti bàtà. Láyé ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1543, àlùfáà kan láti apá òkè, John Elder, kọ lẹ́tà sí ọba náà, ó ṣàlàyé bí àwọn èèyàn òun ṣe ń ṣe bàtà. Wọ́n á lọ sóko ọdẹ, wọ́n á pa àgbọ̀nrín, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé e láti wọ̀n ọ́n, wọ́n á gé e títí dé ọrùn ẹsẹ̀, irun á wà níta. Okùn awọ kan náà ni wọ́n fi ń so ó. Ó parí! Ìyẹn ni pé wọn ò mú awọ lọ sọ́dọ̀ oníṣọ̀nà kankan.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n máa ń lu awọ yẹn ní ihò. Kí ló dé tí èèyàn á fi lu bàtà ara rẹ̀ jo? Ilẹ̀ wọn tutù, odò àti àbàtà ló kún ibẹ̀, kò sì sí afárá. Bí èèyàn bá gba odò kọjá, omi á wọ bàtà dandan. Bí kò bá ríbi jáde, ẹsẹ̀ á máa rin gbingbin látàárọ̀ dalẹ́. Ihò yẹn ni omi ń gbà jáde bó ṣe ń rìn. Bróg ni wọ́n ń pe bàtà lédè wọn, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ náà di brogue. Bàtà aláràbarà tí àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báńkì wa ń wọ̀ lónìí, tí wọ́n lu ihò wíńníwínní sí lójú, orísun rẹ̀ nìyẹn. Ihò ti òde òní kì í sábà já sínú mọ́, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ wọ bàtà rárá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tó wà ní Kàlàbá á rántí Mary Slessor, ọmọ Skọ́tlándì tó débẹ̀ lọ́dún 1876, tó bọ́ bàtà dànù tó ń fẹsẹ̀ lásán rin inú igbó. Ẹnu ya àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í hun ti ìgbà yẹn bí a ṣe ń hun súwẹ́tà. Aṣọ òfì wọn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń rán pọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń yí aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó gé e, ohun tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní bias, torí aṣọ tí a bá gé bẹ́ẹ̀ máa ń fà díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Nítorí pé a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí àpótí ara aṣọ náà á dúró lórí igun. Ẹ wo ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Argyle lọ́jà, tó ní àwòrán dáyámọ́ǹdì. Orúkọ ilẹ̀ àwọn Campbell ní Skọ́tlándì ni, ibi gígé yẹn sì ni àwòrán náà ti wá. Okùn tí wọ́n hun ni wọ́n fi ń dì í lábẹ́ orúnkún kó má baà já bọ́, nítorí kò tíì sí rọ́bà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò nìyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1746, ìjọba ṣẹ́gun àwọn olókè tó ṣọ̀tẹ̀ ní Culloden. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé aṣòfin gbé òfin jáde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1747, ọkùnrin tàbí ọmọdékùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ olókè mọ́, àfi àwọn ọmọ ogun ọba. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá tún un ṣe, wọ́n á kó o lọ sókè òkun fún ọdún méje. Òfin náà kò dárúkọ bàtà, ṣùgbọ́n ó ní ohunkóhun tó bá jẹ́ ti aṣọ olókè. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé e. Ẹ ṣírò ẹ̀: nǹkan bí ọdún 35. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ti di bàbá ọmọ kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ró aṣọ bàbá tirẹ̀. Ta ni á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ? Ta ni á fi gígé ìbọ̀sẹ̀ hàn án? Àwa tí ọmọ wa ń dàgbà ní Sábó, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè tàbí gẹ fìlà, àwa náà mọ bó ṣe ń rí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò ṣòfin fún wa.

Inú iṣẹ́ ológun ni aṣọ náà ti yè, ó sì yí padà níbẹ̀. Nígbà tí ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh ní oṣù kẹjọ ọdún 1822, Walter Scott tó ń kọ ìwé ìtàn ló ṣètò àlejò náà, wọ́n sì wọ kilt fún ọba. Ọba fi ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ara èèyàn bo ẹsẹ̀ ẹ̀ títí dókè! Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Látìgbà náà ni ohun tí wọ́n ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n lé lórí ti di aṣọ òde àwọn olówó.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló dán ẹsẹ̀ wọn wò jù. Wọ́n wọ kilt wọ inú yàrà ogun ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1914, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ àti aṣọ funfun tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lókè. Ẹrọ̀fọ̀ fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Etí aṣọ tó rin á di yìnyín, á sì máa gé wọn lẹ́yìn orúnkún. Bí wọ́n ṣe fún wọn ní bàtà ńlá àti aṣọ wíwé nìyẹn. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n kúndùn nígbà náà kò ní àtẹ́lẹsẹ̀: apá òkè nìkan ló ní, ìbọ̀sẹ̀ lásán wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ológun ni, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ya, kí ni wọ́n á wá ju òkè tó lẹ́wà nù fún?

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní àna níbẹ̀, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fi kilt ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, irun àgùntàn tó nípọn ni kẹ́ ẹ rà ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ike máa ń mú ẹsẹ̀ làágùn. Ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sódì kó dúró níwọ̀n ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ egungun orúnkún. Tí rọ́bà bá há jù, ẹsẹ̀ á kú tipiri kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà òde wọn, ghillie brogue, kò ní ahọ́n. Ghillie túmọ̀ sí ọmọ ọ̀dọ̀, bàtà aláìláhọ́n sì máa ń tètè gbẹ. Okùn rẹ̀ gùn gan-an: ẹ lọ́ ọ po níwájú, ẹ fi yí ọrùn ẹsẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ so ó níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gbé e gun ojúgun lókè, okùn á máa bọ́ wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fún un kó má bọ́, á gé yín lẹ́ran. Tí ẹ bá fẹ́ jó dalẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dọjọ́ ìnáwó, torí awọ tuntun a máa bó gìgísẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bàtà ńlá bíi ti ológun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì ká ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀ lé e lẹ́nu. Àwọn àgbà ń kùn, àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ò dùn wọ́n.