Dídìde

Iná kọ̀ǹpútà kékeré tí mo rà ní Akobo tàn, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n Linux inú rẹ̀ kò dìde. “Ṣebí ó ti tàn?” ni àbúrò mi wí. Títàn kọ́ ni dídìde. Ara “bootstrap” ni “boot”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún dídìde kọ̀ǹpútà, ti wá, okùn ẹ̀yìn bàtà: kí èèyàn fà á, kó fi gbé ara rẹ̀ dìde. Ìdí tí mo fi túmọ̀ rẹ̀ sí “dìde” nìyí. “Jí” dùn létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó sùn lásán.

Kí ló wá dé tí tèmi kò dìde? Bí ẹ̀rọ bá tàn, UEFI, ètò àkọ́kọ́ inú rẹ̀, ló ń wá ètò tó ń jẹ́ GRUB, GRUB á gbé kernel, ọkàn Linux, sókè. Ọ̀nà BIOS àtijọ́, tó ṣáájú UEFI, ni mo fi ṣe díìsìkì tí Linux wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n UEFI nìkan ni ẹ̀rọ yìí mọ̀. Mo tún díìsìkì náà ṣe lọ́nà UEFI, ẹ̀rọ náà sì dìde.