Ọmọ Tó Ṣáájú Ìyá Rẹ̀ Dórí Òkúta: Èdè Ìwé àti Èdè Ẹnu ní Íńdíà Àtijọ́

Ní ẹsẹ̀ òkè Girnar, lẹ́bàá ìlú Junagadh ní Gujarat, òkúta ràbàtà kan wà tí ọba mẹ́ta gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára. Ashoka ló kọ́kọ́ gbẹ́ tirẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Kristi, Prakrit ló sì fi gbẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Kristi, Rudradaman, ọba tó jẹ́ ìran Saka, fi Sanskrit ròyìn níbẹ̀ bí òun ṣe tún adágún omi kan ṣe lẹ́yìn tí ìjì já bèbè rẹ̀. Skandagupta náà gbẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún, ní Sanskrit.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Sanskrit ni ìyá, pé Prakrit sì ni ọmọ tó bàjẹ́ lẹ́nu mẹ̀kúnnù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ọmọ ṣe fi irínwó ọdún ṣáájú ìyá dórí òkúta yìí? Lójú tèmi, ìpín náà fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù. À ń pe ọ̀kan ní èdè ìwé, à ń pe èkejì ní èdè ẹnu, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló ti wà lẹ́nu rí, àwọn méjèèjì náà ló sì wá di ti ìwé.

Panini, ará Shalatura níbi tó ń jẹ́ Pàkísítánì lónìí, kọ gírámà tí òfin inú rẹ̀ tó 4,000, gbogbo wọn ṣókí ṣókí. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní ti àwọn àlùfáà nìkan ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ pé tí èèyàn bá ń ké sí ẹlòmíràn láti ọ̀nà jíjìn, kó fa fáwẹ̀lì ìparí gbólóhùn gùn. Òmíràn ní kí wọ́n fa ohùn bákan náà tí wọ́n bá ń dáhùn ìkíni, àfi tó bá jẹ́ Shudra, ìyẹn ẹni tí wọ́n kà sí ìsàlẹ̀ láwùjọ, ló kí wọn. Ta ní ń fi èdè òkú ké sí ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé? Panini tún máa ń sọ pé báyìí ni àwọn ará ìlà-oòrùn ń wí, báyìí ni àwọn ará àríwá. Bhāṣā ló pe èdè náà, ìyẹn ohun tí à ń sọ lẹ́nu. Àwọn kan ń sọ ọ́ lóòótọ́; kì í kàn ṣe gbogbo ayé ni.

Ohun tí àwọn yòókù ń sọ, Patanjali, onígírámà mìíràn, ló jẹ́ ká gbọ́ fìrí rẹ̀, láìfẹ́, ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi. Inú ń bí i pé go nìkan ló tọ́ láti pe màlúù, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń pè é ní gāvī, goṇī, gotā, àti gopotalikā. Apabhraṃśa ló pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: èyí tó já bọ́. Ìbínú yìí dùn mọ́ mi, torí ohun tó ń lé jáde ló bá wa tọ́jú. Gāvī kò sì já bọ́ síbì kankan. Ó wà nínú ìwé Pali, ọ̀kan lára ìdílé Prakrit, tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà fi kọ ìwé mímọ́ wọn.

Ẹ̀rí tó tú àlàyé ìyá àti ọmọ ká kéré gan-an. Sanskrit ń pe "níbí" ní iha. Pali ń pè é ní idha. Tó bá jẹ́ pé Sanskrit ló bí Pali, níbo ni Pali ti rí dh? Èdè Avesta ti ilẹ̀ Iran, tó jẹ́ ìbátan àwọn méjèèjì, ní ìró d lójú ibẹ̀. A jẹ́ pé ti Pali ló dàgbà jù. Sanskrit ló sọ ìró náà nù. Kódà nínú Rigveda, ìwé orin ẹ̀sìn Sanskrit tó lọ́jọ́ lórí jù lọ, a rí vikaṭa, tó jẹ́ vikṛta tí ẹnu ti yí padà bíi ti Prakrit. Ìbátan tí wọ́n jọ dàgbà ni Sanskrit àti Prakrit.

Ṣùgbọ́n kí a má wá rò pé Prakrit inú ìwé ni ohùn ọjà gan-an. Àwọn akọ̀wé Ashoka ní Girnar kọ rājā fún ọba, àwọn ti Dhauli ní ìlà-oòrùn kọ lājā. Ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè nìyí, òótọ́ ni, àmọ́ ìkéde láti ààfin ni wọ́n ń kọ, ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn sì ń yọ́ wọ inú ẹ̀dà tìwọ̀-oòrùn.

Eré orí ìtàgé ló wá dí wa lójú jù lọ. Nínú Shakuntala tí Kalidasa kọ, ọba ń sọ Sanskrit, Shakuntala ń sọ Prakrit. Apẹja tó rí òrùka ọba nínú ikùn ẹja ń sọ Magadhi, irú Prakrit kan níbi tí r ti ń di l. Nínú Mricchakatika ti Shudraka, Shakara, àna ọba tó ń yan fanda láìgbọ́n, ń sọ s di ś, tó dún bíi ṣ tiwa, śakāra sì ni wọ́n ń pe lẹ́tà yẹn gan-an. Aláwàdà tó ń tẹ̀ lé ọba kiri jẹ́ Brahmin pọ́ńbélé, Prakrit ni wọ́n fi sí i lẹ́nu! Obìnrin tó ń fi Shauraseni bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ á tún bọ́ sí Maharashtri tí orin bá kàn. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ ẹ̀ka-èdè nílé rẹ̀ torí pé ó fẹ́ kọrin. Ìtàgé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Maharashtri yìí fẹ́ràn fáwẹ̀lì débi pé mata (èrò), mada (ọtí tó ń pani), maya (ohun tí a fi nǹkan ṣe), mṛga (àgbọ̀nrín) àti mṛta (òkú) lè di maa, gbogbo wọn. Ó dùn lórin. Ẹ wá fi ná ẹja lọ́jà ná. Àwọn akọ̀wé tó wá lẹ́yìn ń kọ́ ọ látinú òfin bíi ti Vararuchi, onígírámà Prakrit, tó ń mú ọ̀rọ̀ Sanskrit, tó sì ń fi hàn bí wọn yóò ṣe yí i padà, bí ẹni ń tú agbádá láti fi rán bùbá. Látibẹ̀ ni èrò ìyá àti ọmọ ti rí oúnjẹ jẹ: ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n sọ di ìtàn ìran.

Ní ti Rudradaman, Sheldon Pollock, onímọ̀ Sanskrit, ti jiyàn pé ìgbà yẹn ni Sanskrit ń kúrò ní ti ẹbọ nìkan, tí àwọn ọba ń sọ ọ́ di èdè tí wọ́n fi ń yin ara wọn. Mo gbà á. Kò sí ìdí láti rò pé ará Junagadh sọ Sanskrit lójú pópó lọ́dún 150 ju bí bàbá ńlá rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kejìlá, Hemachandra, ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Jain, jókòó ní Gujarat kan náà, ó fi Sanskrit kọ òfin gírámà fún àwọn Prakrit. Ní ìparí rẹ̀ ló ti ya àyè sọ́tọ̀ fún èdè tí àwọn akéwì ìgbà náà ń lò. Apabhraṃśa lorúkọ èdè náà.