Fọ́sìlì

Fọ́sìlì ni ohun ẹlẹ́mìí ayé àtijọ́, tàbí àmì rẹ̀, tó ṣẹ́kù sínú àpáta. Látinú èdè Látìn ni orúkọ náà ti wá: ohun tí a wú nílẹ̀. Abájọ tí Georgius Agricola, ọmọ Jámánì, fi ka òkúta iyebíye mọ́ ọn nínú ìwé tó ṣe ní 1546. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó wá mọ sórí ohun tó ti lẹ́mìí rí.

Àwọn kan ń pè é ní egungun àtijọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ewé ńkọ́? Ìgbẹ́ ẹranko ńkọ́ (bẹ́ẹ̀ ni, ìgbẹ́ náà ń di òkúta)? Ní Laetoli, ní Tànsáníà, ipasẹ̀ ni wọ́n rí: ẹ̀dá tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn tẹ eérú òkè oníná ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn, eérú náà sì gan.

Òkú tó ń di fọ́sìlì kò pọ̀. Èyí tí ẹrẹ̀ bá tètè bò ló ń rí i ṣe. Omi ilẹ̀ á máa gbé èròjà òkúta wọ ihò wẹ́wẹ́ inú egungun, díẹ̀díẹ̀. Ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìkarahun ẹran òkun wà nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn.