Owó Oṣù àti Òrùlé: Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Àtòkèèrèwá ní Port Harcourt

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní ìtàn ọdẹ tàbí ọmọ ọba tó tẹ̀ wọ́n dó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló tẹ Port Harcourt dó, owó oṣù ló sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ibẹ̀ jọ. Lóòótọ́, àwọn Ìkwẹ́rẹ́ tó ń gbé Diobu àti àwọn ará Okrika ti ń dáko, wọ́n ti ń pẹja, wọ́n sì ti ń ná ọjà létí omi náà kí òyìnbó tó débẹ̀; ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní agbègbè Udi ní 1909, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ̀ láti kó èédú náà, wọ́n sì rí omi tó jìn tó ní ilẹ̀ Diobu. Ní 1913 ni wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, nínú àdéhùn tí àríyànjiyàn orí rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀, tí Gómìnà Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, pe ibùdó tuntun náà. Nígbà tó fi máa di 1916, ọ̀nà rélùwéè ti ti ibẹ̀ dé Enugu, èédú sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi.

Kò sí bí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń fẹ́ ládùúgbò. Àwọn Ìgbò tó wá láti òkè ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn lébírà, wọ́n sì di ẹ̀yà tó pọ̀ jù nílùú, ṣùgbọ́n Èkó, Sierra Leone àti Gold Coast ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé, oníṣirò owó àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ ti wá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Yorùbá wà lára wọn, Sàró náà sì wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ìran ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ sí Freetown, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn Sàró yìí ni àlùfáà L. R. Potts-Johnson, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama Enitonna sílẹ̀ ní 1932, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbẹnu sọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ebi lé kúrò nílé. Wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti wá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣípò wá sí ìlú ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan lé owó oṣù.

Nǹkan tí wọ́n fi lé e náà ni òrùlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti ya ìlú sọ́tọ̀ sọ́tọ̀: àwọn òyìnbó ní àdúgbò tiwọn, tí àyè ilé gbòòrò, tí igi wà lójú ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní Old GRA lónìí; àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà ní apá tí wọ́n ń pè ní Town, níbi tí Aggrey Road àti Lagos Bus Stop wà títí di òní. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó bá rí kọ́tásì gbà ti bọ́ lọ́wọ́ onílé, ṣùgbọ́n kọ́tásì kò kárí rárá. Ẹni tí kò rí i gbà ń háyà yàrá kan, ó ń gbé ọmọ àti ìyàwó sínú rẹ̀, ó sì ń bá ìdílé mẹ́fà mìíràn pín ilé ìdáná kan ṣoṣo. Bí Town ti kún, àwọn ènìyàn ya lọ sí Diobu, níbi tí òfin ìkọ́lé kò ti le, tí wọ́n sì fi máìlì tó wà láàárín àdúgbò àti ìlú sọ orúkọ ibẹ̀: Mile One, Mile Two, Mile Three. Àwọn ará ìlú tó jẹ́ bí 71,000 nínú ètò ìkànìyàn 1953 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 180,000 ní 1963, ilé kò sì pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, akọ̀wé méjì lè gba iye kan náà ní ọ́fíìsì kan náà, kí ọ̀kan máa rí owó fi pamọ́, kí èkejì máa jẹ gbèsè, nítorí pé ọ̀kan ń sùn nílé ìjọba, èkejì sì ń sùn ní Mile Two.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pe ohun tí owó oṣù lè rà ní owó oṣù gidi, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iye tí a kọ sínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ìwé tó kọ́ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó, owó oṣù kò sì lọ sókè tó o. Ní oṣù Òkúdu 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn, gùn lé ìyanṣẹ́lódì tó lé ní oṣù kan. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kì í ṣe àfikún owó iṣẹ́ lásán bí kò ṣe àfikún àláwánsì tí ìjọba ń san nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ìyẹn owó tí a fi ń dí àlàfo tó wà láàárín iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà àti iye tí ìlú tó ń gbé ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ìjọba ti fẹnu ara rẹ̀ gbà pé ìlú kan ń jẹ owó ju òmíràn lọ ni ọ̀ràn ìgbìmọ̀ Morgan, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní 1963, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Adeyinka Morgan láti yẹ owó oṣù wò. Ìgbìmọ̀ náà pín orílẹ̀-èdè sí agbègbè owó oṣù mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé iye tó kéré jù tí a lè san fún òṣìṣẹ́ yóò yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ bá ti rí níbi tó ń gbé. Èkó ni wọ́n gbé sórí, wọ́n sì dá £12 lóṣù fún un. Àwọn agbègbè yòókù ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ìjọba fa ẹsẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu 1964, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó fẹnu kò sí iye tó kéré sí ti Morgan. Ìlànà pípín ilẹ̀ sí agbègbè kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé ó lè mú kí ìgbèríko máa tòṣì sí i. Síbẹ̀, a kò tíì rí ìlànà mìíràn tó fi òótọ́ inú wo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń ṣípò láti ìlú kan sí òmíràn bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò yìí, epo rọ̀bì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kan epo ní Oloibiri ní 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sókè òkun ní 1958, ilé-iṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ní 1965. Shell, tó ti kọ́kọ́ fi Owerri ṣe ibùdó, kó wá sí Port Harcourt, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Owó oṣù tí ilé-iṣẹ́ epo ń san ga ju ti ìjọba lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ wọn wò yóò rí i pé owó oṣù gan-an lè má ju ìdajì lọ: èyí tó kù jẹ́ owó ilé, owó ọkọ̀, owó ìsinmi àti owó ewu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tún kọ́ àdúgbò tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Shell RA, níbi tí iná kì í ti í kú, tí omi ń sá nínú ẹ̀rọ, tí ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú ọgbà kan náà. Lóde ògiri ọgbà náà, jẹnẹrétọ̀ àti kànga tí onílé gbẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ayálégbé sì ni ń sanwó wọn. Pípín tí ìjọba amúnisìn pín ìlú ni ilé-iṣẹ́ epo tún pín; ohun tó yí padà ni pé nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ló ń ṣí géètì wàyí, kì í ṣe àwọ̀ ara.

Ogun abẹ́lé fi hàn pé owó tí a kó jọ ní ìlú onílùú lè lọ láàárín òru. Ní oṣù Èbìbí 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gba Port Harcourt. Àwọn Ìgbò tí wọ́n ti fi owó oṣù ogún ọdún kọ́lé síbẹ̀ sá lọ, wọ́n sì sọ ilé wọn di ohun tí òfin pè ní dúkìá àpatì, ìyẹn dúkìá tí olówó rẹ̀ fi sílẹ̀ tí ìjọba sì ń ṣàkóso. Òfin ìjọba ológun tó jáde ní 1979 ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣíwọ́, ọ̀pọ̀ kò sì gba ilé wọn padà. Kò sí àláwánsì kankan tó dojú kọ irú àdánù yẹn. Ó sì jọ pé ó jẹ́ ara ìdí tí àwọn Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt lẹ́yìn ogun fi ń kọ́lé sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, tí wọ́n sì ń háyà ilé níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ àbọ̀sílé ti wà lọ́kàn Yorùbá tipẹ́ kí ogun tó dé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Láti àárín àwọn ọdún 1970 síwájú, owó epo yí ọ̀nà ìṣírò padà. Ìgbìmọ̀ Udoji, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ owó oṣù wò bíi ti Morgan, sọ owó tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba di ₦60 lóṣù, òfin 1981 sì gbé e dé ₦125 fún gbogbo orílẹ̀-èdè láì wo ìlú. Bí agbègbè owó oṣù ti pòórá nìyẹn. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbé kúrò ní Oṣogbo lọ sí Port Harcourt kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i nínú owó ilé àti owó ẹja. Ẹni tó wà ní ilé-iṣẹ́ epo ló tún lè ṣírò, òun náà sì dá àṣà kan sílẹ̀ tó ti di bárakú: ó ń ṣiṣẹ́ lórí omi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, ó ń padà sílé fún iye ọ̀sẹ̀ kan náà, ìyàwó àti ọmọ sì wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó jálẹ̀. Ọgbọ́n ni lójú owó. Lójú ilé, ó mú kí baba ọ̀pọ̀ ọmọ di àlejò tó ń mú ẹrù wá.

Ewu tó wá dé lẹ́yìn náà sọ ọgbọ́n yìí di dandan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006, àwọn ajìjàgbara inú omi bẹ̀rẹ̀ sí í jí òṣìṣẹ́ epo gbé. Ní oṣù Ògún 2007, ìjà àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta le débi pé ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Port Harcourt. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kó ìdílé wọn lọ, Michelin sì ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ tó wà níbẹ̀ pa ní ọdún yẹn kan náà. Ìdáríjì tí Ààrẹ Yar'Adua kéde fún àwọn ajìjàgbara náà ní 2009 mú ara rọ ìlú. Àmọ́ ní ọdún yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ wó àdúgbò etí omi Njemanze, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká owó ilé ìgboro ń gbé. Nígbà tó sì di ìparí 2016, ìṣòro kan dé tí géètì kankan kò lè dá dúró: èéfín àwọn tó ń fọ epo jíjí nínú igbó, tí wọ́n ń pè ní kpo-fire, bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí ìlú bí èérú dúdú. Ẹni tó bá nu orí tábìlì láàárọ̀ yóò bá a ní dúdú lálẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó rìn láì wọ bàtà nínú ilé á dúdú bí ẹni tó tẹ èédú, aṣọ funfun kò sì ṣeé sá síta mọ́. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló jọ ń fà á símú.

Kò yẹ kí a fi èyí pa ìlú náà rẹ́ bí ẹni pé kò ní adùn. Ìlú ọlọ́gbà ni wọ́n ti ń pè é láti ìgbà àtijọ́ nítorí igi àti òjò rẹ̀, UNESCO fi í ṣe olú-ìlú ìwé lágbàáyé ní 2014, ẹni tó bá sì ti jẹ bọ̀lí ibẹ̀, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹja yíyan àti ọbẹ̀ elépo, kì í fẹ́ padà sí bọ̀lí òun ẹ̀pà bọ̀rọ̀. Adùn bẹ́ẹ̀ wà lára ìṣírò ẹni tó ń ṣípò, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́.

Ní 2024, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers kéde ₦85,000, iye kan náà pẹ̀lú ti Èkó, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì kéde ₦80,000. Ohun tí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn Morgan fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ronú láti kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Port Harcourt ni ₦5,000 lóṣù, èyí tí kò tó owó ọkọ̀ tí yóò wọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.