Kí Panápaná Tó Dé

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun fi òfin nọ́ńbà 6 ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin nọ́ńbà 48 dá àjọ NERA sílẹ̀. Ọ̀dá tó han àwọn ará Òkè-Ọya léèmọ̀ ní 1972 sí 1973 ló bí i, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa pín oúnjẹ àti aṣọ ìbora fún ẹni tí àjálù ti bá. Ta ni yóò fa èèyàn yọ lábẹ́ ògiri kí ọkọ̀ ìjọba tó dé? Ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Red Cross, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1917, ló ń kọ́ ará ìlú ní ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ìlú Mẹ́síkò ló la ayé lójú. Nígbà tí ilẹ̀ ríri wó ilé lulẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1985, àwọn aládùúgbò ló fi ọwọ́ lásán wú àwókù. Wọ́n yọ nǹkan bí 800 èèyàn láàyè, ṣùgbọ́n nǹkan bí 100 nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló bá a lọ. Ìfẹ́ wà, ìmọ̀ ni kò sí. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn panápaná Los Angeles gbé ètò kan kalẹ̀ láti kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń pa iná kékeré, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá. Ní 1993, FEMA, àjọ pàjáwìrì Amẹ́ríkà, mú un káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Ní Nàìjíríà, àjọ NEMA rọ́pò NERA ní 1999. Nígbà tó yá, ó dá ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sílẹ̀ ní ìgbèríko, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ láàárín àwọn agùnbánirọ̀. Èyí dára, àmọ́ ọdún kan péré ni agùnbánirọ̀ ń lò. Onílé, ayálégbé àti ọlọ́jà ló ń gbé àdúgbò.

Àbújá kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2021, àgbàrá ya wọ Trademore Estate ní Lugbe: èèyàn mẹ́rin kú, ọ̀rọ̀ náà sì kan ilé 166. Ní oṣù kẹfà 2023, omi tún dé ibẹ̀, ó bo ilé 116, ó sì gba ẹ̀mí kan. Nírú àsìkò báyìí, àwọn òmùwẹ̀ àdúgbò máa ń bá òṣìṣẹ́ FEMD, ẹ̀ka pàjáwìrì Àbújá, wá ẹni tí omi gbé lọ. Lóòótọ́, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè ṣí ojú omi tí wọ́n kọ́lé dí. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Ẹ̀yin tó wà ní Kubwa, Nyanya tàbí Gwagwalada, ẹ béèrè ìgbà tí ẹ̀ka Red Cross yín máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sì kọ nọ́ńbà pàjáwìrì sára ògiri fún àwọn ọmọ: 112 ni, ọ̀fẹ́ sì ni pípè é.